Ààlà Fésì Ni Ilé Sẹ́ńsọ̀ Hall

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn oníṣẹ́ iná àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ

Ẹ̀yin àgbà oníṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ń ríwáyà fáànù àti jẹnẹrétọ̀ kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó síbí, mo júbà yín. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ìfarabalẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Tí ẹ bá tú mótò ọ̀kadà oníná, tí ẹ bá rí i pé sẹ́ńsọ̀ Hall mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú rẹ̀, àwọn ohun kékeré tó ń sọ ibi tí òòfà wà, ti jó, tí gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ wọ́n ti yọ́, tí ẹ kò sì rí àpá ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ mọ́, ibo ni ẹ máa fi tuntun sí?

Ìdáhùn tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé kí a máa sún un síwá sẹ́yìn títí mótò yóò fi yí. Mótò lè yí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí mótò yí yàtọ̀ sí kí ó yí bó ṣe yẹ, bátìrì ló sì ń san owó ìyàtọ̀ náà. Mo wá sọ fún yín pé a kò nílò àbá rárá níbí yìí. Ibi tí sẹ́ńsọ̀ ń gbé ṣeé kà lórí eyín irin tí a wé wáyà mọ́, bí ẹni ka ìka ọwọ́: ààlà tí fésì kan, ìyẹn ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ wáyà mẹ́ta inú mótò, ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀ ni. Màá ṣàlàyé ìdí rẹ̀, màá sì sọ bí ẹ ṣe lè fi gílóòbù ọkọ̀ àti mítà lásán yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó de mótò padà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ẹnu ọ̀nà wa. Ní Kútọnu àti Lomé, ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà, àwọn tí wọ́n ń pè ní zémidjan, ló ti ń gun ọ̀kadà oníbátìrì, ilé iṣẹ́ Spiro sì ní ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ bátìrì fún wọn. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹni tó bá ń ra epo lójoojúmọ́ kò tún lè ṣe aláìronú nípa ọkọ̀ oníná. Ọ̀kadà wọ̀nyí yóò bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá gbé e wá sí ìsọ̀ yín kò ní wá ẹni tó ṣe é lọ sí Ṣáínà. Ẹ̀yin ni yóò máa wò lójú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí sẹ́ńsọ̀ náà ń ṣe. Nínú mótò àtijọ́, irú ti sítátà ọkọ̀ tàbí ti dírílì, kábọ́ọ̀nù ń fara kan kọ́pà tó ń yí, bí kọ́pà yẹn sì ṣe ń yí ni iná ń kúrò lórí wáyà kan bọ́ sórí òmíràn ní àkókò tó yẹ. Nínú mótò tí kò ní kábọ́ọ̀nù, irú ti ọ̀kadà oníná, wáyà dúró sójú kan, òòfà ló ń yí. Kò sí ohun tó ń ha ara wọn mọ́, nítorí náà kò sí kábọ́ọ̀nù tí yóò jẹ tán. Ṣùgbọ́n kò tún sí ohun tí yóò máa darí iná láti orí wáyà kan sí òmíràn. Iṣẹ́ yẹn ti bọ́ sọ́wọ́ kọ̀ntírólà, ẹ̀rọ tó ń pín iná bátìrì fún mótò. Fésì mẹ́ta ló wà. Méjì ń ṣiṣẹ́, ẹ̀kẹta ń sinmi. Ọ̀nà mẹ́fà ni a lè gbà tò ó bẹ́ẹ̀, kọ̀ntírólà á gba ọ̀nà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọjá ní ìtòtẹ̀lé, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò lè mọ̀ fúnra rẹ̀ ni ìgbà tó yẹ kí ó kúrò ní ọ̀kan bọ́ sí èkejì.

Ẹni tó ti ti ọmọdé lórí jangirọ́fà rí mọ̀ pé àsìkò ni gbogbo rẹ̀. Tí o bá tì í nígbà tó ṣì ń bọ̀ wá bá ọ, apá yóò ro ọ́, ọmọ kò sì ní lọ sókè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iná fésì rí sí òòfà.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè sọ pé mótò dúróònù kò ní sẹ́ńsọ̀, ó sì ń fò. Òótọ́ ni. Òòfà tó ń yí máa ń bí fóòtì sínú wáyà, bíi ti jẹnẹrétọ̀, kọ̀ntírólà dúróònù sì ń ka fóòtì yẹn lórí fésì tó ń sinmi láti mọ ibi tí òòfà dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mótò bá dúró jẹ́ẹ́, kò sí fóòtì kankan láti kà. Ti dúróònù kò le, nítorí kò sí ẹrù lórí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra; kọ̀ntírólà lè fi ipá yí i díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ọ̀kadà tó gbé èrò méjì àti àpò gàrí ní ìsàlẹ̀ òkè kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òòfà wà kí táyà tó yí rárá. Sẹ́ńsọ̀ Hall nìyẹn: ó ń rí òòfà bóyá òòfà ń rìn tàbí ó dúró.

Orúkọ ẹni tó rí àṣírí yìí ni Edwin Hall. Ní ọdún 1879, akẹ́kọ̀ọ́ ni ní yunifásítì Johns Hopkins ní ìlú Baltimore, ní Amẹ́ríkà. Ó lẹ wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ gíláàsì, ó rán iná gba orí wúrà náà kọjá, ó sì gbé e sí ojú òòfà. Fóòtì kékeré kan yọ sí ẹ̀gbẹ́ wúrà náà, sí ìhà tí iná kò gbà kọjá. Òòfà ló ń ti iná sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ọdún 1897 ni J. J. Thomson tó fi hàn pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wà. Hall ti wọn ìrìn ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ pé ó wà. Sílíkọ́ọ̀nù ló rọ́pò wúrà lónìí, ohun tó ń sọ fóòtì kékeré di ńlá sì ti wà nínú sẹ́ńsọ̀ náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú súwíìṣì tó ń tàn tó sì ń kú. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní: ọ̀kan gba iná wọlé, ọ̀kan jẹ́ ilẹ̀, ẹ̀kẹta ń ròyìn.

Ẹ ṣọ́ irú sẹ́ńsọ̀ tí ẹ ń rà. Ọjà kún fún A3144, ó sì rọjú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti iṣẹ́ yìí. A3144 ń tàn tí gúúsù òòfà bá dé, ó sì ń kú ní kété tí gúúsù bá ti ń jìnnà, kò dúró de àríwá. Nítorí náà àkókò tó fi ń tàn kúrú ju àkókò tó fi ń kú lọ, ìgbésẹ̀ mẹ́fà kọ̀ntírólà á wá di ọ̀kan gígùn, ọ̀kan kúkúrú, mótò á sì máa gbọ̀n. Irú tí a fẹ́ ni èyí tó ń rántí: gúúsù á tàn án, á wà ní títàn títí àríwá yóò fi wá pa á. US1881 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ojú tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ni kí ó kọjú sí òòfà. Tí ẹ bá yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ìròyìn rẹ̀ á dojú rú: títàn á di kíkú, kíkú á di títàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà bá a.

Wàyí o, a ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Màá lo mótò hoverboard, ẹ̀rọ alátáyà méjì tí àwọn ọmọdé ń dúró lé lórí, nítorí pé tòkunbọ̀ rẹ̀ kò wọ́n, ẹ sì lè tú u fi kọ́ṣẹ́. Òòfà 30 ló wà nínú rẹ̀, eyín irin 27 tí a wé wáyà mọ́. Àríwá kan àti gúúsù kan ni mo ń pè ní tọkọtaya. Òòfà 30 jẹ́ tọkọtaya 15. Ní gbogbo ìgbà tí tọkọtaya kan bá kọjá níwájú wáyà, iná ti yí ìyípo kan pé. Tí táyà bá yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iná ti yí lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Dígírì 1 lórí táyà jẹ́ dígírì 15 lójú iná. Ẹni tó bá mú ìṣirò kékeré yìí dání ti kọjá ìdajì iṣẹ́ náà.

Kọ̀ntírólà fẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta jìnnà síra wọn ní dígírì iná 120. Ẹ pín 120 sí 15: dígírì 8 lórí irin. Àyè dígírì 8 há púpọ̀. Ṣùgbọ́n tọkọtaya kọ̀ọ̀kan jọ èkejì rẹ̀ bí ìbejì, wọ́n sì jìnnà síra wọn ní dígírì 24. Nítorí náà a lè fi 24 kún 8 iye ìgbà tó bá wù wá, sẹ́ńsọ̀ kò sì ní mọ̀ pé a ti gbé òun kúrò: 32, 56, 80. Ó kù kí a rí ihò, ìyẹn àlàfo àárín eyín méjì, tó bá ọ̀kan nínú wọn mu. Láti ihò kan sí èkejì láàárín eyín 27 jẹ́ dígírì 13.33. Ihò mẹ́ta jẹ́ 40, ihò mẹ́fà jẹ́ 80. Ihò mẹ́fà ti bọ́ sí i: 80 ní ìlọ́po 15 jẹ́ 1,200, tí a bá yọ ìyípo mẹ́ta kúrò, 120 ló kù. Ihò mẹ́ta náà bọ́ sí i láti ìhà kejì: 40 ní ìlọ́po 15 jẹ́ 600, tí a bá yọ ìyípo kan kúrò, ó ku 240. Ìyẹn ni pé tí ẹ bá fi sẹ́ńsọ̀ sí ihò kìíní, ẹ̀kẹrin àti ìkeje, wọ́n pé ọgọ́fà síra wọn. Orúkọ ẹ̀kejì àti ẹ̀kẹta ló kàn pààrọ̀.

Báyìí la ti mọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń dúró, ibí yìí náà ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ihò kìíní wo? Ihò 27 ló wà. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò yẹ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ ṣì í pọ̀, wọ́n á sì tún máa jìnnà síra wọn dáadáa, débi pé mítà kò ní fi àléébù kankan hàn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe wé wáyà náà. Eyín mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn jẹ́ ti fésì A, mẹ́ta tó kàn jẹ́ ti B, mẹ́ta tó kàn jẹ́ ti C, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe yí po. Ihò tó wà láàárín ẹgbẹ́ A àti ẹgbẹ́ B ni ààlà wọn. Nígbà tí ojú ìpàdé àríwá àti gúúsù òòfà bá dé orí ààlà yẹn gan-an, ohun tí A ń rí ní ọwọ́ òsì rẹ̀ àti ohun tí B ń rí ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ òdìkejì ara wọn pátápátá. Fóòtì tí òòfà ń bí sínú A àti èyí tó ń bí sínú B á dọ́gba ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Kí ó tó dé ibẹ̀, A ló ń lágbára jù. Tó bá kọjá ibẹ̀, B ni. Ìgbà tí ọ̀kan ń gbé iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́ nìyẹn, ìgbà yẹn gan-an náà sì ni kọ̀ntírólà ń fẹ́ gbọ́ ìròyìn. Sẹ́ńsọ̀ tó bá jókòó sórí ààlà ń yí ìròyìn rẹ̀ padà nígbà tí òòfà bá ń kọjá lórí rẹ̀. Òun nìkan ni kò ní yára jù, tí kò sì ní pẹ́ jù.

Ààlà mẹ́sàn-án ló wà lára eyín 27, ihò mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n fi jìnnà síra wọn. Ẹ mú mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn: A pẹ̀lú B, B pẹ̀lú C, C pẹ̀lú A. Ìṣirò wa ti sọ pé ihò mẹ́ta bá ọgọ́fà mu. Ibi tó yẹ àti bó ṣe yẹ kí wọ́n jìnnà síra wọn ti pàdé.

Kì í ṣe gbogbo mótò ló rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan tó wọ́pọ̀ ni ti eyín 12 àti òòfà 14, tọkọtaya 7. Eyín méjì-méjì ni fésì kọ̀ọ̀kan ń gbà níbẹ̀, nítorí náà ihò méjì-méjì, ìyẹn dígírì 60, ló wà láàárín ààlà àti ààlà. 60 ní ìlọ́po 7 jẹ́ 420. Ẹ yọ ìyípo kan, ó ku 60. Tí ẹ bá fi sẹ́ńsọ̀ sí ààlà mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn, ọgọ́ta ni wọ́n fi jìnnà síra wọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì máa tàn pọ̀ tàbí kú pọ̀ nígbà mìíràn. Kọ̀ntírólà tó ń retí ọgọ́fà á kọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, á sì dúró. Ẹ fo ààlà kan láàárín, kí ó di ihò mẹ́rin-mẹ́rin, dígírì 120 lórí irin, wàhálà tán. Tí àyè kò bá sì sí láti fò ó, ẹ yí ẹ̀yìn sẹ́ńsọ̀ àárín padà. Mo ní kí ẹ fi í sọ́kàn.

Ó yẹ kí n sọ iye tí àṣìṣe ń ná wa. Dígírì 2 péré lórí mótò hoverboard jẹ́ dígírì iná 30. Lórí táyà rẹ̀ tó jẹ́ ínǹṣì 6.5, dígírì 2 kò ju nǹkan bíi mílímítà 3 lọ. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú dígírì iná 30, ipá tí kọ́rẹ́ńtì kan náà ń mú jáde á lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 87 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ó tó lè gbé ẹrù tó ń gbé tẹ́lẹ̀, kọ́rẹ́ńtì gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ooru wáyà sì máa ń yára gòkè ju kọ́rẹ́ńtì lọ: ìdá kan nínú mẹ́ta ni yóò fi pọ̀ sí i. Ooru yẹn kò dúró sára wáyà. Irú òòfà neodymium tó wọ́pọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù agbára tó bá kọjá dígírì Celsius 80. Òòfà tó ti rẹ̀ á tún béèrè kọ́rẹ́ńtì púpọ̀ sí i. Oníbàárà yín á ní bátìrì tuntun òun kò gbé òun dé ibi tó ń gbé òun dé tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin náà á sì máa di ẹ̀bi ru bátìrì.

Nítorí náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá ní oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya bí fóòtì ṣe ń lọ sókè sódò sójú gíláàsì, mọ ohun tó máa ṣe: kí ó fi dírílì yí mótò, kí ó wo fóòtì tó wà láàárín A àti B pẹ̀lú ìròyìn sẹ́ńsọ̀ ààlà A àti B lójú gíláàsì kan náà. Ibi tí fóòtì bá ti ń gba òdo kọjá ni kí sẹ́ńsọ̀ ti yí padà.

Ẹni tí kò ní oscilloscope, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ fún sẹ́ńsọ̀ ní iná 5 fóòtì, ṣájà fóònù tó láti fún un. Ẹ fi rẹsísítọ̀ 10 kílóómù so ẹsẹ̀ ìròyìn mọ́ ojú 5 fóòtì náà, nítorí pé sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ kò lè gbé fóòtì sókè, fífà wálẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ẹ wá mú bátìrì ọkọ̀ 12 fóòtì. Láti ojú pọ́sítíìfù, ẹ gba inú gílóòbù iná iwájú ọkọ̀ kọjá lọ sí fésì A. Gílóòbù yẹn ni kò ní jẹ́ kí kọ́rẹ́ńtì pọ̀ jù. Ẹ so fésì B mọ́ ojú nẹ́gétíìfù, kí C má so mọ́ ohunkóhun. Táyà á fò, á sì dúró gbọn-in. Ibi tó dúró sí yẹn ni ibi tí fóòtì A àti ti B ti dọ́gba, èyí túmọ̀ sí pé ojú ìpàdé òòfà ti wà lórí ààlà A àti B. Sẹ́ńsọ̀ ààlà yẹn gbọ́dọ̀ wà létí yíyí padà: ẹ fi ọwọ́ tẹ táyà díẹ̀ sí ọ̀tún, mítà á fi 5 hàn, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí òsì, á fi òdo hàn, tàbí kí ó jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ jìnnà sí ìhà kan kí ó tó yí padà, ẹ fi rúlà wọn bó ṣe jìnnà tó lórí táyà, ẹ ti mọ iye tí sẹ́ńsọ̀ náà fi ṣì í nìyẹn. Ẹ ṣe B pẹ̀lú C, ẹ ṣe C pẹ̀lú A. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí mótò fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́rìí.

Lẹ́yìn náà ẹ yọ bátìrì kúrò, ẹ yí táyà jẹ́jẹ́, kí ẹ máa kọ ìròyìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Ìyípo táyà kan gbọ́dọ̀ mú àyípadà 90 jáde, sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo ni kí ó sì máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbọdọ̀ tàn pọ̀, wọn kò gbọdọ̀ kú pọ̀.

Ọ̀rọ̀ wáyà kò ní pẹ́ mi. Lára ọ̀pọ̀ mótò, pupa ni 5 fóòtì, dúdú ni ilẹ̀, yẹ́lò, girínì àti búlúù ni ìròyìn. Àwọ̀ mẹ́ta yìí kan náà ni ti fésì tó nípọn. Àwọ̀ kì í sábà bára mu láàárín mótò kan àti kọ̀ntírólà mìíràn. Ọ̀nà 36 ni a lè gbà so wọ́n, 6 péré ló dára: mẹ́ta síwájú, mẹ́ta sẹ́yìn. Nínú èyí tó kù, díẹ̀ á yí mótò pẹ̀lú ariwo àti kọ́rẹ́ńtì púpọ̀, ìyẹn ló sì ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ fi amímítà, mítà tó ń wọn kọ́rẹ́ńtì, wò ó nígbà tí táyà wà lókè, tí kò gbé ẹrù. Èyí tó bá jẹ kọ́rẹ́ńtì tó kéré jù ni ẹ mú. Gọ́ọ̀mù náà ńkọ́? Epoxy tó lè gba ooru. Súpà gúlú á yọ́ níwájú ooru, sẹ́ńsọ̀ á sì sún.

Ẹnì kan bi mí léèrè kí n tó dìde bóyá tí sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo bá kú nínú mẹ́ta, kí a pààrọ̀ ọ̀kan tó kú yẹn nìkan. Rárá o. Ẹ pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n jẹ́ irú kan náà, nítorí pé títú mótò náà ni iṣẹ́, kì í ṣe owó sẹ́ńsọ̀. Ẹ sì wá ohun tó pa á. Ẹnu ásùlù, níbi tí gbogbo wáyà ti fún pọ̀ jáde, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: tí ara wáyà fésì bá bó níbẹ̀, tó fara kan wáyà sẹ́ńsọ̀, fóòtì bátìrì odindi ló wọ inú ohun tó ń jẹ 5. Tí ẹ kò bá tíì rí ibi tí wáyà ti bó, ẹ má de mótò náà.